Ta Ló Ni Ìtàn Àìsàn Ọmọ?

Ìbéèrè kan wà tí kò jẹ́ kí ọkàn mi sinmi láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn. Ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló bi ìyá rẹ̀, ojú mi báyìí ló ṣe. Ó ní: "Mọ́mì, kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?" Ìyá rẹ̀ kò rí èsì fọ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá èsì ọ̀hún kiri. Mo bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀, mo bá àwọn ìyá mìíràn sọ̀rọ̀, mo ka ohun tí àwọn oníṣègùn kọ, mo sì tún padà lọ jókòó ti ẹ̀gbọ́n mi.

Ọ̀rọ̀ ásímà ni. Mi ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ ohun tí ásímà jẹ́ fún ẹnikẹ́ni nínú wa. Ikọ́ sémìísémìí tí àwọn ìyá wa àgbà mọ̀ náà ni, tí àyà ọmọ á máa súfèé lóru, tí ìyá á gbé e jókòó sórí itan títí ilẹ̀ á fi mọ́. Èyí tí a kì í sọ tó ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, nígbà tí ọmọ bá ń dàgbà, tí súfèé inú àyà náà sì dákẹ́. Gbogbo wa la mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń tu ìyá nínú: "Fọkàn balẹ̀, bó bá dàgbà, á lọ." Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

## Ìbéèrè dókítà

Ẹni ọdún 22 ni ọmọ náà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí yunifásítì ni, ó sì wá sílé n'Ìbàdàn fún ọdún Kérésì. Ọyẹ́ mú gan-an lákòókò náà; eruku bo òrùlé, ètè ń la, ojú ọ̀run funfun báláú láti àárọ̀ dalẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo ń wí yìí, iná ìjọba lọ, àwọn aládùúgbò tan jẹnẹrétọ̀, èéfín rẹ̀ sì ń gba ojú fèrèsé wọlé. Ẹnìkan tún ti fín oògùn ẹ̀fọn sí yàrá. Kó tó di aago méjì òru, ọmọ náà kò lè sọ ju ọ̀rọ̀ méjì lọ kó tó dúró gbé èémí. Ó ń mí gúlegúle, èjìká rẹ̀ ń lọ sókè ń lọ sódò, ibi tó jin lábẹ́ ọrùn rẹ̀ ń wọnú ní gbogbo ìgbà tó bá fa afẹ́fẹ́. Èmi ni mo wa mọ́tò.

Nílé ìwòsàn, wọ́n fi ìbòmú sí i lójú, wọ́n tan ẹ̀rọ nẹ́búláísà tó ń sọ oògùn di ìkùukùu, ó sì ń fà á sínú. Nígbà tó yá, èémí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ojú rẹ̀ pọ́n fún àìsùn, fa àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì yọ bírò.

"Láti ìgbà wo ni ásímà ti ń ṣe yín?"

"Kò ṣe mí rí, sà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí."

Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. Bírò kò tíì kúrò lórí ìwé tí ẹ̀gbọ́n mi, tó fara ti ògiri láti ìgbà tá a ti dé, fi sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ débi pé dókítà ní kó tún un sọ. Ó ní: "Ó ti ṣe é rí, Dókítà. Nígbà tó wà ní kékeré ni. Ó ti tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kó tó fi í sílẹ̀."

Ọmọ náà yí orí padà. Ó fa ìbòmú sísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ oògùn ṣì ń tú jáde nínú rẹ̀, ó sì béèrè ìbéèrè tí mo kọ sókè yẹn. Nọ́ọ̀sì ti dá ìbòmú padà sí i lójú kí ẹnikẹ́ni tó lanu.

Ó wú mi lórí pé dókítà náà kò sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbọ́n mi. Ó fa igi lé ohun tó kọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún mélòó ni nígbà tó kọ́kọ́ ṣe é? Ṣé wọ́n dá a dúró sílé ìwòsàn rí? Ṣé wọ́n fún un ní ọ́síjìn? Ṣé ara máa ń yún un, nínú ìgúnpá tàbí lẹ́yìn orúnkún? Ta ló tún ní in nínú ẹbí? Ẹ̀gbọ́n mi ń dáhùn, ọmọ náà ń tẹ́tí. Ó bẹ̀rẹ̀ kó tó pé ọdún méjì. Wọ́n dá a dúró ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Lálẹ́ ọjọ́ kan, bàbá rẹ̀ gbé e sáyà sáré dé títì nítorí pé kò sí ọkọ̀, ẹlẹ́ran kan tó ń bọ̀ láti ọjà ló fi mọ́tò rẹ̀ gbé wọn. Bàbá bàbá rẹ̀ ní in. Ara ọmọ náà ni gbogbo nǹkan wọ̀nyí ti ṣẹlẹ̀, ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn gan-an, kò sì mọ ìkankan nínú wọn.

Lẹ́yìn náà ni dókítà kọjú sí òun fúnra rẹ̀. Ṣé ó máa ń húkọ́ lóru? Bẹ́ẹ̀ ni, láti bí ọdún mẹ́ta. Kí ló máa ń lò sí i? Omi oògùn ikọ́ àti kápúsù láti ọ̀dọ̀ kẹ́mííìsì tó wà lẹ́nu géètì ilé ìwé. Ṣé ó máa ń sáré, ṣé ó máa ń ṣe eré ìdárayá? Ó ti pa á tì, nítorí pé ó gbà pé òun kò lágbára bíi tàwọn yòókù. Ó ti kó kúrò ní yàrá kan nítorí pé ẹ̀yìn fèrèsé rẹ̀ ni jẹnẹrétọ̀ họ́sítẹ̀lì wà. Kì í fẹ́ẹ́ gbálẹ̀, àwọn tí wọ́n jọ ń gbé sì ń pè é ní ọ̀lẹ, òun náà sì gbà fún wọn. Ó ti tún gbogbo ìgbé ayé rẹ̀ tò nítorí àìsàn kan tí kò mọ̀ pé òun ní.

## Kí là ń pè ní "ó ti lọ"?

Ní ìlú Tucson ní ìpínlẹ̀ Arizona, ní Amẹ́ríkà, àwọn oníṣègùn bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ipasẹ̀ àwọn ọmọ tuntun ní ọdún 1980, kí wọ́n lè mọ ohun tó ń mú àyà ọmọdé súfèé àti ibi tó ń yọrí sí. Ọmọ 1,246 ni wọ́n gbà wọlé. Nígbà tí àwọn ọmọ náà pé ọdún mẹ́fà, Fernando Martinez àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 1995. Ó lé díẹ̀ ní ìdajì tí àyà wọn kò súfèé rárá. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ, bí 20 ni àyà wọn ń súfèé kí wọ́n tó pé ọdún mẹ́ta, tó sì ti tán nígbà tí wọ́n fi pé mẹ́fà. Bí 15 kò bẹ̀rẹ̀ àfi lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Bí 14 ni tiwọn bẹ̀rẹ̀ ní kékeré, tí kò sì dáwọ́ dúró.

Àwọn 20 yẹn ni ọ̀rọ̀ ìtùnú wa ń bá wí. Ọ̀nà èémí wọn ló tóóró láti ìgbà tí wọ́n ti bí wọn, tó jẹ́ pé ọ̀fìnkìn lásán ti tó láti dí i. Bí ọmọ bá ṣe ń ga, tí àyà ń fẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà náà ń gbòòrò, ó sì di ohun ìgbàgbé. Ìyá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tó bá sọ pé ó ti lọ, òótọ́ ló sọ. Àwọn 14 tó kù lẹ́yìn yàtọ̀. Ásímà pọ̀ láàárín àwọn ìyá wọn ju ti àwọn yòókù lọ, ara tiwọn náà a sì máa kọ nǹkan, bí eruku, bí irun ẹran ilé. Ìjà wà láàárín ara wọn àti ohun tí wọ́n ń mí sínú, dídàgbà nìkan kì í sì í parí irú ìjà bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ká mi lára jù nínú iṣẹ́ yẹn ni pé bí o bá tẹ́ àwọn ọmọ méjì wọ̀nyí sórí bẹ́ẹ̀dì kan náà nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọdún kan, súfèé kan náà ni àyà wọn ń sú. Kò sí ìyá tó lè fi etí nìkan mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyí tí dókítà òru yẹn fi ń béèrè ara yíyún àti bàbá bàbá. Ó ń wá irú ọmọ tó jẹ́ nígbà náà, lẹ́yìn ogún ọdún, ẹnìkan ṣoṣo ló sì lè sọ fún un.

Ọ̀rọ̀ akọ àti abo tún wà níbẹ̀. Nígbà èwe, àwọn ọmọkùnrin ni ásímà ń dà láàmú jù, nítorí pé ọ̀nà èémí wọn kéré sí bí ẹ̀dọ̀fóró wọn ṣe tóbi tó. Bí wọ́n bá bàlágà, nǹkan yí padà: ti ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin ń rọlẹ̀, ti àwọn ọmọbìnrin ń pọ̀ sí i, tó fi jẹ́ pé láàárín àgbàlagbà, obìnrin ló pọ̀ jù. Àwọn obìnrin kan tún wà tó jẹ́ pé bí nǹkan oṣù wọn bá ti sún mọ́, àyà wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í há. Nítorí náà, ọmọbìnrin tí àìsàn náà fi sílẹ̀ lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án ṣì ní ìgbà ìbàlágà níwájú. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni sọ èyí fún ẹ̀gbọ́n mi nígbà tí wọ́n ní kó má gbé ọmọ rẹ̀ padà wá sí kíláníìkì àwọn ọmọdé mọ́.

## Àwọn ọdún tó dákẹ́

Ní ìlú Dunedin ní New Zealand, wọ́n tẹ̀ lé àwọn ọmọ tí wọ́n bí ní 1972 àti 1973, wọ́n ń pè wọ́n padà fún àyẹ̀wò léraléra. Nígbà tí wọ́n di ẹni ọdún 26, wọ́n ka ìtàn èémí àwọn 613 nínú wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún, ó lé ní 14 tí súfèé náà kò fi sílẹ̀ láti kékeré. Bí 27 ni ó ti fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí 12 wà tí ó fi sílẹ̀ tó sì tún padà wá bá. Ẹ da àwọn tí ó fi sílẹ̀ pọ̀ mọ́ àwọn tí ó padà wá bá: ó súnmọ́ ẹnì kan nínú mẹ́ta tó rò pé òun ti bọ́ tí kò tíì bọ́. Àwọn tó wà nínú ewu jù pé kó má fi wọ́n sílẹ̀, tàbí kó padà wá bá wọn, ni àwọn tí tiwọn bẹ̀rẹ̀ ní kékeré gan-an, àwọn obìnrin, àwọn tí ara wọn kọ kòkòrò tín-ín-tín inú eruku ilé tó ń gbé inú tìmùtìmù àti ìrọ̀rí, àti àwọn tó ń fa sìgá lọ́mọ ọdún 21. Nígbà tí mo kà á, ṣe ló dà bíi pé wọ́n ń ka orúkọ ọmọ wa.

Kí ló ń lọ nínú àyà ní àwọn ọdún tí kò sí súfèé? Àwọn oníṣègùn kan ní Netherlands lọ wò ó, wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí ní 2001. Wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́ tí ásímà wọn ti lọ, tí wọn kò lo oògùn, tí wọn kò ráùn ohunkóhun, wọ́n sì yẹ inú ọ̀nà èémí wọn wò. Wọ́n bá a pé ó ṣì wú, pé àwọn ẹ̀jẹ̀ funfun tó máa ń kó jọ síbẹ̀ nígbà ásímà ṣì wà níbẹ̀. Bí iná kò bá tán lórí, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ọmọ ń jẹ, ó ń sùn, ó ń yege nídàánwò, ọ̀nà èémí rẹ̀ sì ń dúró de ọyẹ́ kan, èéfín kan, àti òru kan tí iná lọ.

Ohun mìíràn tún wà tí àwọn òbí kì í gbọ́. Ẹ̀dọ̀fóró ń dàgbà títí ènìyàn fi ń wọ ogún ọdún ó lé díẹ̀, lẹ́yìn náà ni agbára rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù díẹ̀díẹ̀ fún gbogbo wa. Ní Amẹ́ríkà Àríwá, wọ́n tọ ipasẹ̀ àwọn ọmọ 684 tí ásímà wọn kò dáwọ́ dúró láti ìgbà èwe wọn títí wọ́n fi kọjá ogún ọdún, wọ́n sì kéde rẹ̀ ní 2016 pé ìdá kan nínú mẹ́rin péré ni ẹ̀dọ̀fóró wọn dàgbà bó ṣe yẹ, tí kò sì bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù ṣáájú àkókò. Ohun tí ọmọ bá kó jọ sí àyà kó tó pé ọdún 25 ni yóò máa ná títí di ọjọ́ ogbó. Ọdún mẹ́ta tí ọmọ wa fi ń mu omi oògùn ikọ́, àárín ìgbà ìkójọ yẹn gan-an ló bọ́ sí, kò sì sí oògùn tó bá ìdí àìsàn náà mu nínú gbogbo ohun tó ń rà.

## Ẹ̀rí tí ẹ̀gbọ́n mi jẹ́

Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi nígbà tí ìbínú ọmọ rẹ̀ ti rọlẹ̀ díẹ̀. Mo ní, "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi bó ṣe jẹ́." Kò fi ohunkóhun pamọ́.

Ó ní lákọ̀ọ́kọ́, ọ̀rọ̀ ilé ọkọ ni. Bí ìdílé kan bá fẹ́ fẹ́ ọmọ ẹni, wọ́n á wádìí. "Wọ́n á béèrè wárápá, wọ́n á béèrè wèrè, wọ́n á béèrè jẹnotáìpù. Ṣé èmi ni kí n wá fọwọ́ ara mi fi ásímà kún un?" Kò sí ìyá Yorùbá tí kò mọ ẹ̀rù yẹn. Mo lè bá a jiyàn, ṣùgbọ́n mi ò lè sọ pé kò sí ìdílé tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé wọ́n wà.

Ìkejì, ó ti jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí ọmọ náà pé ọdún mẹ́wàá tí ọdún kan sì kọjá láìsí wàhálà, ó gba máìkì, ó yin Ọlọ́run, gbogbo ìjọ sì bá a jó. "Báwo ni mo ṣe fẹ́ wá sọ fún ọmọ náà lẹ́yìn ìyẹn pé ó ṣeé ṣe kó padà? Kò ha ní dà bíi pé mo sẹ́ ẹ̀rí mi?" Mo gbà á gbọ́ pé ohun tó dùn ún jù nìyí. Èsì mi fún un ni pé ẹ̀rí náà kì í ṣe irọ́. Ọdún mẹ́wàá tí ọmọ fi sùn ní òru láìsí ẹni tó ń gbé e sórí itan, ọpẹ́ ló yẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí Ọlọ́run kó yọ nínú odò, a máa fi odò náà han ọmọ rẹ̀.

Ìkẹta ló wúwo jù lójú tèmi. Ó ní, "Mi ò fẹ́ kó máa fi ojú aláìsàn wo ara rẹ̀." Ìfẹ́ ni ìyẹn, ìfẹ́ pátápátá. Ẹ wá wo ibi tó já sí. Ọmọ náà kò fojú aláìsàn wo ara rẹ̀ lóòótọ́, ojú ọ̀lẹ ló fi wò ó. Ó gbà pé ara òun kò le, pé òun kò ní ìfaradà, pé bí àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ṣe ń gun àtẹ̀gùn láìsinmi, ìwà òun ni kò jẹ́ kí òun lè ṣe é. Àìsàn ṣeé tọ́jú. Ta ló máa ń gba oògùn nítorí ìwà? Bó bá jẹ́ pé ó mọ̀ ni, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó húkọ́ lóru ni ì bá ti lọ sí kíláníìkì ilé ìwé, ì bá sì ti mọ ohun tó yẹ kó sọ níbẹ̀.

Kì í ṣe ilé ẹ̀gbọ́n mi nìkan. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà, tó jáde ní 2019, ó lé ní mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí àmì ásímà hàn lára wọn, ṣùgbọ́n àwọn tí dókítà ti sọ fún pé ásímà ló ń ṣe wọ́n kò ju bíi méjì àbọ̀ lọ. Òǹkà yẹn kì í kúrò lọ́kàn mi. Àwọn tó wà láàárín méjì àbọ̀ àti mẹ́fà ń rin ìrìn tí ọmọ wa rìn: kẹ́mííìsì, orógbó, oyin, àdúrà, àti ìtìjú.

## Ẹni tó ń rántí

Nígbà tí ọmọ tó ní ásímà bá wà ní kékeré, ìyá ló ń rántí fún un. Ìyá ló mọ̀ pé kí wọ́n wọ́n omi sílẹ̀ kí wọ́n tó gbálẹ̀, pé kí ọmọ jáde kí wọ́n tó fín oògùn ẹ̀fọn, pé bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, kí ínhélà wà nítòsí. Ọmọ ń ṣeré ní tirẹ̀. Nígbà tó bá dákẹ́, ìyá ṣì ń ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀ láìtiẹ̀ ronú. Ọjọ́ tí ọmọ bá gbé báàgì lọ sí yunifásítì tàbí àgọ́ agùnbánirọ̀, ìrántí náà kì í bá a lọ. Ọmọ dé ibi tó jẹ́ pé òun ló ń yan yàrá, òun ló ń yan ibi tí wọ́n ti ń dáná, òun ló ń yan ọ̀rẹ́, ọ̀rẹ́ sì lè mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń fa ṣíṣà. Bí inú bá ń run ún nígbà nǹkan oṣù, òun ló ń yan oògùn ara ríro tó ń lò, bẹ́ẹ̀ àwọn kan wà tí wọ́n ní ásímà tó jẹ́ pé áspírìn tàbí ibuprofen lè gbé e dìde fún wọn.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ oògùn fúnra rẹ̀. Ínhélà aláwọ̀ búlúù tí gbogbo ayé mọ̀, tó ní salbutamol, a máa ṣí ọ̀nà èémí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í tọ́jú wíwú inú rẹ̀. Èyí tó ń tọ́jú wíwú ni ti stẹ́rọ́ìdì, tí ènìyàn á máa fà déédéé kódà bí ara bá yá, tí á sì fi omi fọ ẹnu lẹ́yìn rẹ̀. Láti ọdún 2019 ni GINA, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú ásímà fún gbogbo ayé, ti ní kí àgbàlagbà àti ọmọ tó bá ti pé ọdún 12 má ṣe gbára lé aláwọ̀ búlúù nìkan mọ́. Ẹ wo bó ṣe ṣòro tó láti sọ fún ọmọ ogún ọdún pé kó máa ra oògùn fún àyà tí kò dùn ún. Ọ̀rọ̀ owó tún bù kún un. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, GlaxoSmithKline, ilé iṣẹ́ tó ń ta Ventolin, ínhélà búlúù náà, kéde pé òun ń kúrò ní Nàìjíríà, owó ínhélà sì fò kọjá ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ọmọ wa ń lo tirẹ̀ báyìí, àwa mọ̀lẹ́bí la ń dáwó rẹ̀ jọ. Inú ń bí mi pé ohun tó ń gba ẹ̀mí là di ohun tí ẹbí ń dá èsúsú fún, mi ò sì rí ìdí tí ìbínú náà kò fi yẹ.

Ọmọ tí kò mọ ìtàn ara rẹ̀ kò ní ná irú owó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ fún gbogbo òbí tó bá fẹ́ gbọ́ pé ìtàn àìsàn ọmọ, ti ọmọ ni. Àwa kàn bá a tọ́jú rẹ̀ ni. Bó bá ti tó ẹni tó lè rántí orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù tó fẹ́ràn, ó ti tó ẹni tí a lè sọ fún: ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ohun tó máa ń gbé e dìde, ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé e lọ, oògùn tó ṣiṣẹ́ fún un, ìgbà tó dákẹ́, àti pé bí ikọ́ òru bá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan, kó má lọ sí kẹ́mííìsì kó tó rí dókítà.

## Àbúrò rẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi ní ọmọkùnrin kan lẹ́yìn èyí, ọmọ ọdún 12. Ó ṣe òun náà títí ó fi pé ọdún mẹ́fà, ó sì dákẹ́. Sáà tó ń bọ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ní ilé ìwé. Lọ́jọ́ Àìkú kan, ìyá àti bàbá rẹ̀ pè é jókòó, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin náà wà níbẹ̀, èmi náà wà níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì yára.

Ọmọ náà ní òun mọ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ó ti rí ìgò oníke kan lókè wọ́dúróòbù, tí wọ́n lu ihò sí ìdí rẹ̀, ó sì ti ń fi í fun fèrè. Ohun tí nọ́ọ̀sì kan bá ìyá rẹ̀ ṣe nígbà náà ni, tí wọ́n fi ínhélà sí ihò ìdí, tí ọmọ ń ti ẹnu ìgò fa oògùn. Irú ìgò bẹ́ẹ̀, tí kò ju ìdajì lítà lọ, ni Heather Zar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán wò fún àwọn ọmọdé ní Cape Town, tí wọ́n sì fi hàn ní 1999 pé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa bíi ti èyí tí wọ́n ń rà lówó gọbọi. Inú mi dùn pé ẹ̀gbọ́n mi kò sọ ọ́ nù.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ọmọ náà bi wá. "Ṣé mo ṣì lè gbá bọ́ọ̀lù?" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló dá a lóhùn, kó tó kan àwa àgbà. Ó ní David Beckham ní ásímà láti kékeré, ó sì jẹ́ balógun ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù England. Ó ní kó gbá a dáadáa, kó máa kọ́kọ́ na ara díẹ̀díẹ̀ kó tó sáré, bí àyà bá sì há, kó dúró, kó sọ, kó má tijú. Lẹ́yìn náà ló ní, "Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè ọ́ ní ọ̀lẹ."

Fọ́ọ̀mù ilé ìwé náà ní ìlà kan ṣoṣo fún àìsàn. Ìyá rẹ̀ kọ ásímà síbẹ̀, ó sì kọ ìyókù sí ẹ̀yìn ìwé. Mátírọ̀nù ti pè é lórí fóònù láti ìgbà náà. Ó ní kò sí wàhálà, wọ́n á gba ọmọ náà, ṣùgbọ́n gbogbo oògùn ọmọ ilé ìwé ni wọ́n ń tì mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù ní yàrá aláìsàn, ọwọ́ òun nìkan sì ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ẹ̀gbọ́n mi ní ínhélà kò ṣeé tì mọ́lé, àpò ọmọ náà ló yẹ kó wà, lójú pápá àti lójú oorun. Wọn ò tíì gbà fún un. A ń lọ rí ọ̀gá ilé ìwé náà lọ́jọ́ Ajé.